Bọ́ọ̀lù Tí Kì Í Jìnnà sí Ẹsẹ̀

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ìrántí yìí ránṣẹ́ sí mi pé kí n kọ nǹkan, mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń retí ni kí n kọ̀wé nípa àdúrà òwúrọ̀, nípa ilé ìsìn wa, tàbí nípa ìpè tí mo gbọ́ tí mo fi di àlùfáà. Gbogbo ìyẹn dára, àwọn mìíràn yóò sì kọ ọ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ó wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, pàápàá lórí bí a ṣe lè fi eré kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, láti ọmọ ọdún márùn-ún títí dé mẹ́wàá, kí bọ́ọ̀lù lè máa gbọ́ràn sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi dé òpin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ìjọ, ó kan ilé-ìwé, ó sì kan ẹ̀ṣẹ̀ kan tí èmi fúnra mi dá.

Àwọn tí a jọ wọlé ní ọdún 1972 yóò rántí pápá ìṣeré wa. Ilẹ̀ pupa ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku rẹ̀ a máa bo funfun aṣọ wa. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ rẹ̀ a máa gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni kíláàsì wa ní. Awọ ni wọ́n fi rán an, bí omi bá sì ti wọ̀ ọ́ lára, a wúwo bí òkúta. Àwa ogójì ọmọ ni a ó tò sórí ìlà. Ọ̀gá tí ń darí eré ìdárayá yóò fọn fèrè, ẹni tí ó wà níwájú yóò gbá bọ́ọ̀lù lọ, yóò gbá a bọ̀, yóò sì lọ dúró lẹ́yìn ìlà. Kí ó tó tún kàn án, agogo ti lù. Ọdún márùn-ún ni mo fi ṣe èyí. N kò dá ọ̀gá wa lẹ́bi. Bí wọ́n ti kọ́ òun náà ni ó ṣe kọ́ wa, ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde níwèé mẹ́wàá, bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, ńṣe ni yóò ta kúrò bí ìgbà tí ó bá kan ògiri.

Ọmọ kan wà láàárín wa tí tirẹ̀ yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ń dáná fún àwa tí a ń gbé inú ọgbà. Bí a bá ti parí ìwé kíkà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ni ẹ ó ti rí i pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré kan, tí ó ń gbá a gba àárín ìtì igi ìdáná, tí ó ń yí i ká àwọn ìkòkò ńláńlá, tí ó sì ń lé adìyẹ ìyá rẹ̀ káàkiri. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Bí a bá wá dé orí pápá, ọmọ mẹ́ta kò lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. A wí láàárín ara wa pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ó gbà mí tó ogún ọdún kí ó tó yé mi pé ohun tí ó wà lẹ́yìn ilé ìdáná náà ju ẹ̀bùn lọ.

Ẹ kò lè sọ pé àwa ìran yẹn kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1976, nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba Ife Àwọn Olúborí-Ife ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí yóò gba ife gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ẹni tí ó sùn nínú ọgbà wa ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé tí Múdà Lawal sì gbá ọ̀kan, rédíò ni èmi gbé sí etí. A mọ bí a ṣe ń yọ̀ sí bọ́ọ̀lù. Ohun tí a kò mọ̀ ni bí a ṣe ń kọ́ ọmọdé.

Ní ọdún 1987, wọ́n fi mí jẹ oyè àlùfáà. Ìjọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi wà ní ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọgbà ìjọ náà gbòòrò, igi máńgòrò mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, àárín wọn sì tẹ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé àdúgbò a máa wá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọn a fi òkúta méjì méjì ṣe ojúulé kékeré tí gbogbo wa mọ̀ sí monkey post. Èmi jẹ́ ọ̀dọ́ àlùfáà tí ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kún orí rẹ̀. Mo gbà pé ilé Ọlọ́run kì í ṣe pápá ìṣeré. Nígbà tí bọ́ọ̀lù wọn fọ́ gíláàsì fèrèsé yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ, mo jáde, mo gba bọ́ọ̀lù náà, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì lé gbogbo wọn. Inú mi dùn pé mo ti tún ọgbà Olúwa ṣe.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, ìdajì ìjókòó àwọn ọmọdé ṣófo. Ti ọ̀sẹ̀ kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Opó kan tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni ó wá bá mi nílé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ̀yin àlùfáà wa, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Bọ́ọ̀lù tí ẹ gbà yẹn ni ọmọ mi ń tẹ̀ lé wá sílé Ọlọ́run. Ẹ ti tì í mọ́lé, òun náà sì ti jókòó sílé.” N kò rí èsì fọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo tọ olùkọ́ kan lọ nínú ìjọ wa, ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, mo sì bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ní àárọ̀ Sátidé. Ní Sátidé àkọ́kọ́, kí ó tó dé, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí mo ṣe: mo to àwọn ọmọ sórí ìlà. Olùkọ́ náà dúró, ó wò mí títí, ó wá ní, “Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka iye ìgbà tí ọmọ tí ó wọ aṣọ búlúù yẹn yóò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù.” Mo kà á fún ìdajì wákàtí. Ìgbà mọ́kànlá péré ni. Ó wá kó bọ́ọ̀lù rọ́bà mẹ́wàá jáde láti inú àpò, ó fún ọmọ mẹ́wàá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi igi fa ìlà yí wọn ká, ó ní kí wọ́n máa gbé bọ́ọ̀lù wọn káàkiri nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ lu ẹnìkejì. Ó ní kí n tún kà. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ọmọ aláṣọ búlúù ti kọjá ọgọ́rùn-ún, ojú mi sì ti dà rú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọ ìyá olóúnjẹ wa. Àwa ń fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní ìgbà mélòó kan lọ́sẹ̀. Òun ń fi ẹsẹ̀ kàn án ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí à ń wá, kí ó lè yé ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí. Kí bọ́ọ̀lù wà ní ìkáwọ́ ọmọ túmọ̀ sí pé bí ó ti ń sáré, bọ́ọ̀lù kò kọjá ìṣísẹ̀ kan sí i. Bí ó bá fẹ́ dúró, bọ́ọ̀lù dúró. Bí ó bá fẹ́ yà, bọ́ọ̀lù yà. Agbára kọ́ ni ó ń ṣe èyí. Ẹsẹ̀ ní ojú púpọ̀: inú ẹsẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ wà, òkè ẹsẹ̀ níbi tí a ti ń so okùn bàtà wà, àtẹ́lẹsẹ̀ náà sì wà. Ọmọ tí a kò kọ́ a máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ta bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí ó ti mọwọ́ rẹ̀ a máa lo gbogbo ojú wọ̀nyí, lọ́tùn-ún àti lósì, orúnkún rẹ̀ a tẹ̀ díẹ̀, ojú rẹ̀ a sì máa gbé sókè láti wo ẹni tí ń bọ̀.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọmọ mu. Èyí tí àgbà ń gbá, tí a ń pè ní nọ́ńbà 5, ní àyíká tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 68 sí 70, ó sì wúwo tó gíráàmù 410 sí 450. Ẹ gbé ìyẹn síwájú ọmọ ọdún mẹ́fà, ó dà bí ìgbà tí ẹ gbé ọkọ́ àgbà lé e lọ́wọ́ kí ó fi kọ́bè. Nọ́ńbà 3 ni ó yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, nọ́ńbà 4 sì yẹ ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá. Bí kò bá sí owó, bọ́ọ̀lù rọ́bà tó, àkísà tí a dì pọ̀ náà sì tó. Pelé, nígbà tí ó wà ní ọmọdé ní ìlú Bauru ní Brazil, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ki ìwé ìròyìn tàbí àkísà sí ni ó fi ṣe bọ́ọ̀lù.

Nísinsìnyí, àwọn eré náà. Gbogbo wa ni a mọ Ẹkùn-mẹ́ran. A fa ìlà yí ibi kan tí ó tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní gígùn àti ní ìbú. Gbogbo ọmọ jẹ́ ewúrẹ́, olúkúlùkù pẹ̀lú bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo jẹ́ ẹkùn, òun kò ní bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ẹkùn ni láti gbá bọ́ọ̀lù àwọn ewúrẹ́ jáde kúrò nínú agbo. Ẹ ó rí i pé láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn, àwọn ewúrẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí kọ ẹ̀yìn sí ẹkùn, wọn yóò fi ara di ọ̀nà, wọn yóò sì fi ẹsẹ̀ tí ó jìnnà sí i pa bọ́ọ̀lù mọ́. Akọ́nimọ̀ọ́gbá lè fi odidi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé èyí kí ó má yé wọn. Ẹkùn fi ìṣẹ́jú kan kọ́ wọn. Ewúrẹ́ tí ó bá sì pàdánù bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ jókòó. Yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan orí bọ́ọ̀lù ní ìgbà mẹ́wàá, ọ̀tún, òsì, yóò sì padà wọlé. Ọmọ tí ó tètè ń pàdánù ni ó nílò eré náà jù. Bí a bá lé e jáde, ẹni tí ebi ń pa jù ni a gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn.

Eré kejì ni Ìjàpá àti Ehoro. Bí mo bá ké pé “Ìjàpá!”, kí gbogbo ọmọ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá ké pé “Ehoro!”, kí wọ́n sáré. Bí mo bá ké pé “Òkúta!”, kí wọ́n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ bọ́ọ̀lù dúró lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó bá ti mọ́ wọn lára, n kò ní ké mọ́. Ìka ọwọ́ ni n ó máa nà sókè. Ìka kan ni Ìjàpá, méjì ni Ehoro, mẹ́ta ni Òkúta. Ọmọ tí ó bá ń wo bọ́ọ̀lù nìkan kò ní rí ìka mi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ́ láti gbé ojú sókè, èyí tí ó nira jù nínú gbogbo rẹ̀.

Eré kẹta ni Ìkórè. A kó gbogbo bọ́ọ̀lù jọ sí àárín, a sì fa abà mẹ́rin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọmọ pín sí ẹgbẹ́ mẹ́rin. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sáré lọ sí àárín, yóò fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù kan wá sí abà rẹ̀, ẹnìkejì yóò sì gbà á. Nígbà tí àárín bá ṣófo, wọ́n lè lọ mú nínú abà ẹlòmíràn. Bọ́ọ̀lù tí ó bá yí kọjá ìlà abà kò sí nínú iye. Ẹni tí ó bá gbá a pẹ̀lú ipá yóò pàdánù, ẹni tí ó bá mú un dúró ni ó ní ìkórè. Eré kẹrin ni Ẹnubodè: a fi òkúta ṣe ẹnubodè kéékèèké bíi mẹ́wàá káàkiri, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sì wò ó bí òun yóò ti gba inú mélòó kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, kí ó tún un ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀ òsì nìkan. Ara rẹ̀ ni ó ń bá díje, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fún eré kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti ń rọrùn fún wọn, a ó dín agbo náà kù. Bí àyè bá ti ń há, bẹ́ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù yóò máa sún mọ́ ẹsẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ti orí èmi tàbí ti olùkọ́ náà jáde. Ní ọdún 1930, ọdún tí orílẹ̀-èdè Uruguay gbàlejò Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí ó sì gbà á, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Juan Carlos Ceriani wà ní Montevideo, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú YMCA, Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Onígbàgbọ́. Ó ṣètò bọ́ọ̀lù tí àwọn ọ̀dọ́ lè gbá ní àyè kékeré bíi ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ẹni márùn-ún sí ẹni márùn-ún. Eré náà ni a ń pè ní futsal lónìí. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í ta sókè púpọ̀, àyè rẹ̀ há, ẹni tí kò bá sì lè pa bọ́ọ̀lù mọ́ sẹ́sẹ̀ kò ní rí ibi sá sí. Àwọn ará Brazil gbà á mọ́ra bí ẹni gba ọmọ tuntun. Nínú rẹ̀ ni Zico àti Ronaldinho ti kọ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo máa ń rán àwọn àlùfáà ẹlẹgbẹ́ mi létí pé ẹgbẹ́ Onígbàgbọ́ ni ó bí eré yìí, nínú ọgbà rẹ̀.

Nílé níhìn-ín, gbogbo wa ni a rántí Augustine Okocha tí ayé mọ̀ sí Jay-Jay. Ní ọdún 1993, nígbà tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Eintracht Frankfurt ní Jámánì, ó mú bọ́ọ̀lù dé iwájú ojúulé Karlsruhe, ó sì yí i sọ́tùn-ún sósì títí Oliver Kahn tí ń ṣọ́ ojúulé fi ṣubú sílẹ̀ tí ó tún dìde, kí ó tó wá gbá a wọlé. A tún wí pé ẹ̀bùn ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé ní kékeré òun ní Enugu, ohunkóhun tí ó bá rí róbótó ni àwọn fi ń gbá bọ́ọ̀lù ní àdúgbò. Ẹ̀bùn náà ní ẹ̀yìn ilé ìdáná tirẹ̀.

Mo wá dé ibi tí ó nira fún mi láti kọ. Ọmọ opó tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ akólòlò. Ní ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi, kì í dáhùn ìbéèrè, nítorí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú agbo Ẹkùn-mẹ́ran, kò sí ẹkùn tí ó lè mú un. Mo rí i bí ara ọmọ náà ṣe ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò lè sọ.

Ní ọdún kẹta, ìjọ kan tí kò jìnnà sí wa pè wá fún ìdíje. Pápá ńlá ni, àwọn àgbà ìjọ méjèèjì sì jókòó lórí àga. Àwọn ọmọ tiwọn ga, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà. Kí ó tó di ìsinmi, wọ́n ti gbá méjì wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa fi ọ̀pá kan mi léjìká, ó ní, “Àlùfáà, ṣé eré Ìjàpá náà ni ẹ fẹ́ fi dójú tì wá?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò pẹ́, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ ọmọ opó nítòsí ojúulé wa. Àwọn méjì ń bọ̀ lára rẹ̀. Ó ṣe ohun tí a ti kọ́ ọ: ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fẹ́ yà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, wọ́n gba bọ́ọ̀lù, wọ́n sì gbá ẹ̀kẹta wọlé. Mo dìde, mo ké, gbogbo pápá sì gbọ́: “Gbá a dànù! Ta ni ó ní kí o máa fi bọ́ọ̀lù ṣeré níbẹ̀, òmùgọ̀!”

Ọmọ náà wò mí lẹ́ẹ̀kan. Láti ìgbà náà títí ìdíje fi parí, bí bọ́ọ̀lù bá ti sún mọ́ ọn, á di ojú, á gbá a dànù. Ìyẹn gan-an ni mo ní kí ó ṣe.

Sátidé mẹ́ta kọjá, n kò rí i. Mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe láti Sátidé àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ìgbéraga kò jẹ́. Mo ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònúpìwàdà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo sì ti wàásù lórí rẹ̀ ju ìgbà tí mo lè kà lọ. Ó ṣòro fún mi síbẹ̀ láti lọ jókòó lórí àpótí níwájú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí n sì wí pé, “Mo ṣẹ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ kò dára, irọ́ ni pẹ̀lú. Dárí jì mí.” Ìyá rẹ̀ ta gìrì. Ó ní, “Háà, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ẹ̀yin àlùfáà wa, ọmọ yín ni.” Mo ní kí ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ó fọhùn, ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ohun tí ó bi mí ni pé, “Ta... ta ni yóò ṣe ẹkùn ní Sátidé?” Mo ní, “Èmi ni.”

Ní Sátidé náà, mo ká ṣòkòtò mi sókè, mo wọ inú agbo. Mo lé ọmọ yẹn títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú mi. Ó dúró, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ fa bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, mo ju ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti gbà á, ó sì gbá a gba àárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì kọjá. Àwọn ọmọ pariwo títí ìyàwó mi fi jáde láti inú ilé wá wò ó bóyá nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Kò di Okocha. Káfíńtà ni ó ń ṣe ní ìlú náà títí di òní, ohùn rẹ̀ a sì tún máa kọ́ bí inú bá ń bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kọjá níbẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ojúulé kékeré méjì tí a fi pákó ṣe ni mo bá lábẹ́ igi máńgòrò. Òun ni ó kàn wọ́n, kò sì gba owó iṣẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé, òun ni ó ń fa ìlà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé, kí ni ó dé tí mo fi ké mọ́ ọmọ náà? Kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ojú àwọn àgbà ni mo ń wò. Eré ni ilẹ̀ tí Ọlọ́run fi fún ọmọdé pé kí ó ṣìṣe níbẹ̀ láìsí ìtìjú, nítorí ẹni tí kò bá lè ṣìṣe kò lè kọ́ nǹkan. Èmi mú ìtìjú tèmi, mo gbé e wọ inú ilẹ̀ náà. Wòlíì Sekaráyà, ní orí kẹjọ ìwé rẹ̀, ń sọ bí Jerúsálẹ́mù yóò ti rí nígbà tí Olúwa bá padà sí i. Ó dárúkọ àwọn arúgbó tí ó jókòó pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ó sì dárúkọ àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ń ṣeré ní ìgboro. Mo ti ka ibẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́, n kò kà á sí. Nísinsìnyí tí mo ti ń sún mọ́ àwọn ọlọ́pàá ọwọ́ yẹn, mo rí i pé wòlíì náà kò ní kí àwọn àgbà máa ké mọ́ àwọn ọmọ láti orí àga.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá lọ wo àwọn ọmọ yín níbi ìdíje, ẹ má ṣe ké pé “Gbá a dànù!” Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàdánù bọ́ọ̀lù lónìí kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń pa á mọ́ lọ́la. Ẹ má ṣe ta ilẹ̀ nítorí ẹni tí ó ṣèlérí pé òun yóò mú ọmọ ọdún mẹ́wàá yín lọ sí òkè òkun. Ẹ má sì ṣe dí àwọn ọmọbìnrin lọ́nà. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ti yàn án ní agbábọ́ọ̀lùbìnrin tí ó ta yọ jù ní Áfíríkà. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn ọmọbìnrin náà sì ní ẹ̀ka tiwọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé àti ẹnubodè tuntun ni a óò sọ ní àjọ̀dún yìí, n kò sì lòdì sí i. Ẹ̀bẹ̀ kékeré ni tèmi. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wa. Ẹ jẹ́ kí a ra ogójì bọ́ọ̀lù kéékèèké fún wọn, kí a sì tún àyè kan ṣe lẹ́yìn ilé ìdáná àtijọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ní bọ́ọ̀lù tirẹ̀ lẹ́sẹ̀ fún wákàtí kan ní ọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò ṣe ẹkùn, orúnkún mi kò le bíi ti ìgbà kan mọ́, ṣùgbọ́n n ó wá.

Kí Olúwa tí ó pa wá mọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá pa àwọn ọmọ wa mọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ohùn àwa àgbà dí wọn lọ́nà. Àmín. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.